Ìwé Méjì Tí Mo Rán Ní Ìránkúràn

Ọjọ́ tí Tíṣà, ọmọge tó ń kọ́ni nílé ìwé àdúgbò wa, kọ́kọ́ wọ ìsọ̀ mi, eruku ibẹ̀ tó gbin àgbàdo sí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ìwé tó ti já rán: abẹ́rẹ́, òwú, páálí àti gọ́ọ̀mù. Onígọ́ọ̀mù ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Tíṣà gbé ìwé méjì tí kò léèpo mọ́ sílẹ̀ níwájú mi, ó wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní ẹ da ẹ̀rín yẹn sínú òkun ni, ẹja inú rẹ̀ ì bá máa dùn bí oyin títí dòní.

"Ẹ káàsán, ọ̀gá. Bàbá mi ló ni wọ́n. Ojú wọn ò ríran mọ́, èmi ni mò ń kà á sí wọn létí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún wọn ṣe dáadáa."

"Ìwé kí ni?"

"Ìtàn àdììtú ni méjèèjì. Arìnrìn-àjò á dé ilé onílé, onílé á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, àṣé irọ́ ló ń pa fún un. Ṣé ẹ ti kà wọ́n rí?"

Ibẹ̀ ni wèrè ti mú mi. Kíláàsì kẹrin ni mo ti kí ilé ìwé pé ó dàbọ̀, àmọ́ ẹnu mi ti ṣáájú mi lọ. Mo ní, "Tíṣà, èwo ni mi ò tíì kà? Gbogbo èyí tó wà lórí àtẹ yìí ni mo ti kà tán. Yunifásítì ni mo ti wá."

Ó wò mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ yẹn yó mi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Ojoojúmọ́ ló ń yà wò mí bó bá ti ṣíwọ́ níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Á jókòó lórí àpótí, á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa wo ẹnu rẹ̀ dípò abẹ́rẹ́. Mo gún ara mi lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwo gọ́ọ̀mù mi fi pọ́n bí ata. Lọ́jọ́ kẹfà ó ní, "Onígọ́ọ̀mù, bí bàbá mi bá gbà kí o fẹ́ mi, èmi ti gbà."

Ṣé ẹ rí i, mi ò kì í ka ìwé tí mo bá ń rán. Nọ́ńbà ojú ìwé ni mo máa ń wò. Ọgọ́rin dé, mọ́kànlélọ́gọ́rin tẹ̀lé e, ó parí. Ìwé méjèèjì sì dọ́gba: bébà kan náà, lẹ́tà kan náà, ọgọ́fà ojú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí mo dá wọn padà, Tíṣà dé, ojú rẹ̀ ṣú bí òjò. "Bàbá mi ní kí o wá."

Adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá rẹ̀. Wọ́n ní láyé ọjọ́un, bó bá wúkọ́ ní kóòtù, olè tó wà ní ìlú kejì á sáré dá ẹrù padà.

"Jókòó," ni Bàbá wí. "Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ka ìwé wọ̀nyí. Nínú ọ̀kan, onírùngbọ̀n kan gba arìnrìn-àjò sílé. Lójoojúmọ́ ló ń sọ fún un pé afárá ti já, kó má tíì lọ. Afárá kankan ò já. Ẹrù àlejò ló ń jí díẹ̀díẹ̀. Ọmọ mi wá ṣí ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́rin, ni onírùngbọ̀n bá di opó, ó ń dirun."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo gbé e mì.

"Inú ìwé kejì ni opó ti sá wá. Ó ń dá gbé létí ọ̀nà. Bí àlejò bá dé, á dojú kọ yàrá kan tó tì pa, á ní, 'Ọkọ mi, àlejò dé o.' Kò sí ọkọ kankan níbẹ̀. Ó dára. Ẹni tó ti ka gbogbo ìwé, báwo ni kò ṣe mọ̀ pé ìtàn méjì lòun rán pọ̀? Èwo nínú àwọn onílé méjèèjì yìí ló burú jù, ọ̀mọ̀wé?"

Òógùn tó bọ́ lára mi tó fọ ọkọ̀ akẹ́rù. Mo lè fi yẹ̀yẹ́ sá àsálà, iṣẹ́ mi nìyẹn. Àmọ́ mo wo Tíṣà, ilẹ̀ ló ń wò.

"Bàbá, mi ò ka ìkankan. Kíláàsì kẹrin ni mo dé. Irọ́ ni mo pa fún ọmọ yín."

"Ìbéèrè kọ́ ni mo bi ọ́ nìyẹn."

"Onírùngbọ̀n ló burú jù, sà. Ó purọ́ kó lè gba ti àlejò ni. Ẹ̀rù ló ń ba opó ní tiẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé yàrá yẹn ṣófo. Èmi náà, lẹ́yìn gbogbo ìwé tó kún ìsọ̀ mi, yàrá tó ṣófo ló wà níbẹ̀. Mo bẹ̀rù pé bí ọmọ yín bá mọ̀, kò ní padà wá."

Bàbá kọjú sí Tíṣà. Ó wá ní, "Ọmọ mi, kí ni opó ṣe níparí?"

"Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn yàrá, ó ní kí àlejò wá wò ó."

"Àlejò wá sá lọ?"

"Àlejò ò lọ mọ́, Bàbá." Ó yíjú sí mi. "Inú ṣì ń bí mi sí ẹ o."

"Kó máa bí ẹ lọ, olólùfẹ́ mi," ni mo dáhùn, "ṣáà jókòó tì mí."

Ni Bàbá bá wúkọ́. "Ìdájọ́ mi rèé. Kí o tó fẹ́ ẹ, wàá ka ìwé méjèèjì sí mi létí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Oṣù mẹ́jọ ló gbà mí. Mò ń kà bí ìgbín tó ń gun òkè, Tíṣà ń fi ìka tọ́ mi sọ́nà, Bàbá ń sùn, ó ń jí, mo ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ọjọ́ tí mo ka ìlà tó kẹ́yìn tán, ó di ọwọ́ wa méjèèjì mú. "Ó tó. Ẹ lọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó."

Mo ní kí n tú àwọn ìwé náà, kí n tún wọn rán. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. "Ká ní o rán wọn dáadáa, ta ni ì bá ránṣẹ́ pè ọ́ wá sílé mi?"

Bàbá ti sùn oorun àwọn àgbà báyìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju bí ẹnu mi tó ń sọ̀rọ̀ jù yìí ti lè sọ lọ. Ìwé náà wà lórí àtẹ wa, èmi ni mo sì ń kà á sí ìyàwó mi létí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí omi odò. Bí mo bá ti dé ojú ìwé ọgọ́rin, mo máa ń dúró. Òun náà á gbórí lé mi léjìká, á ní:

"Ṣí i, ọkọ mi. Àlejò ò lọ mọ́."