Ohùn Bàbá Rannvá

Ẹ̀rín ni Hanus fi pàdé Rannvá lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin náà gbé kọ̀ǹpútà wọ ṣọ́ọ̀bù tí Hanus ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Klaksvík, ìlú apẹja kan létí òkun. Òjò ti pa á, ó rin gbingbin.

"Ẹ bo kọ̀ǹpútà mọ́ inú kóòtù, ẹ wá fi orí ara yín gba òjò?"

"Orí mi ò ní fáìlì kankan nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

Dísìkì inú kọ̀ǹpútà náà, ibi tí gbogbo fáìlì wà, ti kú fin-ín fin-ín. Ohùn bàbá Rannvá ló wà níbẹ̀, àwọn ìtàn tí bàbá náà, tó jẹ́ apẹja, sọ sílẹ̀ kí àìsàn tó mú un lọ. Orí ló yọ wọ́n, ẹ̀dà kan wà lórí dísìkì mìíràn nílé. Hanus ní kó gbé e wá bí dísìkì tuntun bá ti dé láti Denmark.

Kí dísìkì tó dé, ìfẹ́ ti ṣáájú rẹ̀ dé. Wọ́n jọ ń rìn létí òkun, Hanus ń pa á lẹ́rìn-ín, Rannvá ò sì lè jẹun kó má ronú kàn án.

Ìyá Rannvá fajú ro. "Ọkùnrin tí kò tíì fa àwọ̀n rí láyé ẹ̀! Ṣé wáyà lẹ ó máa sè jẹ ni?"

"Màámi, ẹ ní sùúrù. Lọ́jọ́ tó bá dá ohùn Bàámi padà fún yín, ẹ̀yin gan-an lẹ máa sìn mí délé ọkọ."

Ó ń wu ìyá láti gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Ọjọ́ pé, dísìkì tuntun dé, Rannvá sì gbé ẹ̀dà náà wá. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé a kì í fi ẹ̀dà kan ṣoṣo ṣeré. A ó kọ́kọ́ dà á kọ síbòmíràn, kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Hanus mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n olólùfẹ́ rẹ̀ jókòó tì í, ayọ̀ sì ń pa á bí ọtí. Dísìkì tó kún àti èyí tó ṣófo wà níwájú rẹ̀. Háà, ìkánjú ò dáa! Ó ní kí ẹ̀rọ da èyí tó ṣófo sórí èyí tó kún.

Rannvá rí i tó fa wáyà yọ lójijì.

"Kí ló dé?"

"Òdì ni mo dà á, Rannvá. Kò sí mọ́."

"Má bá mi ṣeré o, Hanus!"

"Mo lè sọ pé ó ti bàjẹ́ kó o tó gbé e dé. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á rẹ́."

Gbogbo ọgbọ́n tó mọ̀ ló dá, pàbó ló já sí.

Rannvá sunkún délé. Ìyá rẹ̀ náà sunkún, ó sì nujú. "Bàbá ẹ ti kú kí dísìkì tó kú, ọmọ mi. Ọkùnrin tó ráyè purọ́ tí kò purọ́, wọn ò pọ̀. Lọ mú un wá."

Rannvá padà lọ.

"Ṣé o ṣì nífẹ̀ẹ́ mi?" Hanus bi í.

"Ìwọ lẹ̀mí mi. Àmọ́ tó o bá ti lanu báyìí, ohùn Bàámi ni mò ń wá, tìẹ ni mo sì ń gbọ́. Mi ò ní lè fara dà á. Ó dàbọ̀, olólùfẹ́ mi."

Ó jáde, ó sì forí lé ilé.

Nígbà tí Rannvá ṣílẹ̀kùn ilé, òórùn kọfí gbalé kan. Ìyá rẹ̀ ti wọ aṣọ àríyá, ó ti gé ẹran àgùntàn gbígbẹ sínú àwo, ife mẹ́ta ló sì tò sórí tábìlì.