Ibikíbi Tó O Bá Ti Rí Bàbá Mi

Ẹsẹ̀ kan bàtà, ẹsẹ̀ kan lásán ni Dọ̀tun fi sáré kọjá ìlà, síbẹ̀ òun ló gbapò kìíní. Morọ́láyọ̀ tó di fèrè mú gbàgbé láti fọn ọ́n.

Eré àkọ́kọ́ lọ́dún náà nìyẹn, lórí pápá kan lẹ́bàá Ekenwan Road ní Benin, níbi tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Yorùbá ti ń ṣe ìdíje wọn. Morọ́láyọ̀ ni alákòóso. Oṣù kan, eré kan: eré sísá, lúúdò, bọ́ọ̀lù orí tábìlì, kẹ̀kẹ́ gígùn. Wọn á máa ro máàkì oníkálukú pọ̀ títí di oṣù kọkànlá. Ẹni tí tiẹ̀ bá pọ̀ jù ló ni ife.

"Sister, abeg, water," ni Dọ̀tun wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ó fún un lómi. Ojú wọn ṣe mẹ́rin, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àfi bí Dọ̀tun ṣe yíjú, tó rí àgbàlagbà kan lábẹ́ igi. Omi wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ló bá ju ọwọ́ òsì sí wọn lóòró gangan. "Daddy, well done o!"

Háà! Bàbá Ọlágúnjú, alága ẹgbẹ́, baba Morọ́láyọ̀ gan-an! Ẹnu bàbá là sílẹ̀, wọn ò lè pa á dé.

"Ọwọ́ òsì? Sí èmi? Ọmọ yìí ò ní wọ ilé mi láéláé."

Benin ni wọ́n bí Dọ̀tun sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, Pidgin ló fi ń dáhùn, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀ rí. Ìfẹ́ ò kúkú bèèrè ìyẹn. Kí òjò ọdún náà tó dá, Morọ́láyọ̀ ti mọ ọ̀nà Ekosodin, níbi tí Dọ̀tun ti ń tún fóònù ṣe, ju ọ̀nà ilé ìjọsìn lọ. Dọ̀tun fẹ́ fi í ṣaya, òun náà fẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní fẹ́ ọkùnrin tí baba òun kọ̀, bàbá sì kọ̀ jálẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí eré ìkẹyìn wáyé, Morọ́láyọ̀ sunkún, ó nu ojú, ó sì kọ́ Dọ̀tun bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi, ibikíbi tó o bá ti rí bàbá mi, dọ̀bálẹ̀. Má sì dìde àfi tí wọ́n bá ní kó o dìde."

"Anywhere?"

"Ibikíbi!"

Ẹ bá mi dá ọmọbìnrin yìí lẹ́bi.

Ọjọ́ eré sísá ìkẹyìn pé. Máàkì Dọ̀tun àti ti Jíbọ́lá, ọmọ GRA, dọ́gba. Ẹni tó bá ṣíwájú nínú wọn ló gba ife. Fèrè dún, Dọ̀tun sì fi gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́yìn bí ẹni tí oyin ń lé. Ó kù díẹ̀ kó dé ìlà nígbà tó rí Bàbá Ọlágúnjú létí ọ̀nà.

Dọ̀tun dúró. Ó na gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀, ó fi àyà kanlẹ̀. "Ẹ káàsán, sà!"

Jíbọ́lá fo ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Fèrè bọ́ lẹ́nu Morọ́láyọ̀.

"Yéè! Dọ̀tun, kí lò ń ṣe?"

"No be you talk say anywhere?" ló dáhùn láti ilẹ̀. Kò dìde, nítorí kò tíì sẹ́ni tó ní kó dìde.

Bàbá figbe ta. "Dìde, ọmọ mi! Sáré! Wọ́n ti kọjá rẹ!"

Ọmọ mi kẹ̀? Morọ́láyọ̀ ò gba etí ara rẹ̀ gbọ́. Dọ̀tun dìde, ó sáré, òun ló kẹ́yìn.

Bàbá tọ Morọ́láyọ̀ wá wàràwàrà. "Fún un ní máàkì ẹni àkọ́kọ́. Torí tèmi ló ṣe dúró."

"Rárá, bàbá mi. Ẹni tó kẹ́yìn ti kẹ́yìn." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe gbé ife fún Jíbọ́lá.

Bàbá wò ó tìyanu-tìyanu, wọ́n wo Dọ̀tun tí iyẹ̀pẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. "Ọ̀kan ń dọ̀bálẹ̀ láàárín eré, ọ̀kan ò lè ṣojúsàájú fún ọkọ rẹ̀. Ẹ bá ara yín mu. Dọ̀tun, àwọn òbí rẹ ńkọ́?"

"Dem dey, sà."

"Sọ fún wọn kí wọ́n wá tọrọ ìyàwó wọn."

Kí bàbá tó pa ẹnu dé, Dọ̀tun ti tún na gbalaja. Morọ́láyọ̀ kúnlẹ̀ tì í, ó ń nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò létè rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá ò tètè ní kí ẹnikẹ́ni dìde.