Ọta Tó Sọdá Adágún

Eunice nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti shift dé láàárọ̀ Sátidé nígbà tó rí Alhaji Nurain, aládùúgbò rẹ̀ ní Redan, lẹ́bàá Atlanta, nílẹ̀ gbalaja níwájú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé tó kọjú sí adágún. Ó ti kú. Ọta ìbọn gba àyà rẹ̀ kọjá, ó dá ilẹ̀kùn pákó lu, ó sì rì sínú bíríkì ògiri inú ilé.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Tahir Oyèwùmí ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta. Òun nìkan ló ń gbé ní Norcross, iṣẹ́ ló sì fi ń pa ọjọ́.

Kò tíì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan tí Alhaji Haneef, ọ̀rẹ́ olóògbé láti ogójì ọdún, fi wá bá a. Òdìkejì adágún ni ilé tirẹ̀ wà.

"Tahir, ọmọ mi, èmi ni mo ṣèèṣì pa á. Mo gbé agolo sórí kùkùté létí omi, mo ń yìnbọn sí i. Ọta kan tàsé, ó sọdá. Àyànmọ́ ò gbóògùn."

Ìbọn tó gbé wá náà ti lé ní àádọ́jọ ọdún. Irin kan wà lábẹ́ rẹ̀. Bí èèyàn bá fà á wálẹ̀ tó sì dá a padà, ọta mìíràn ti wọlé nìyẹn.

"Báwo ni agolo yẹn ṣe jìnnà sí yín tó, sà?"

"Ọgọ́rùn-ún yáàdì."

"Ilé Alhaji Nurain ńkọ́?"

"Á tó irínwó."

"Ìgbà wo lẹ rí wọn kẹ́yìn?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan."

Ní ọjọ́ kejì, Tahir gbé ìbọn náà lọ sí pápá ìyìnbọn kan lọ́nà Marietta. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló kan ilẹ̀kùn Alhaji Haneef.

"Bàbá, ọta inú bíríkì bá ìbọn yín mu. Ṣùgbọ́n yíyìn léraléra ni ìbọn yìí fi yára, kò ní agbára ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀tù ọta rẹ̀ kéré. Mo dojú rẹ̀ kọ agolo bí ẹ ṣe wí; kò sí ọ̀kan tó dé ọ̀ọ́dúnrún yáàdì kó tó balẹ̀. Inú omi ni tiyín ì bá bọ́ sí. Mo tún gbé ẹnu rẹ̀ sókè kó lè dé irínwó. Ó dé lóòótọ́, àmọ́ inú pákó tí mo gbé síbẹ̀ ló há sí. Èyí tó pa Alhaji Nurain gba èèyàn kọjá, ó gba pákó kọjá, ó tún wọ bíríkì. Iwájú wọn lẹ dúró sí, sà."

Bàbá náà jókòó sórí àga.

"Nurain ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú," ló wá wí. "Ìsẹ́yìn ló ń lọ, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, kò ní padà mọ́. Mo gbé ìbọn náà lọ kó fi máa rántí mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí lòun fẹ́ fi irin àlòkù ṣe. Inú ló bí mi, Tahir. Ta ló kù tó ń pè mí lórúkọ níbí?"

Tahir ṣí ilẹ̀kùn. Ó mú un lọ́wọ́, ó sìn ín dé ọkọ̀.

Traffic dí ọ̀nà. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òun àti Nurain ṣe dé Atlanta nígbà òtútù, tí àwọn méjèèjì jọ ń wọ kóòtù kan ṣoṣo ní àwọ̀pààrọ̀. Nígbà tí ọ̀nà là, Tahir kò sáré. Ó rọra ń wa ọkọ̀ lọ, kí ìtàn náà lè parí kí wọ́n tó dé àgọ́ ọlọ́pàá.