Òkè Tí Wọ́n Ní N Ò Lè Gùn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọlé, má jẹ́ kí atẹ́gùn gbé ìtàn mi lọ. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe pàdé ọkọ mi, ọkùnrin tí mo kọ́kọ́ kà sí aláìníláárí.

Alágbàfọ̀ ni mí, opó sì ni mí nígbà náà. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo òkè ńlá kan láti ojú fèrèsé tí mo ti ń lọ aṣọ. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́rin gùn ún, mo lọ sí ìpàdé wọn ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ wo àwọn èèyàn o! Akọ̀wé báńkì kan wà níbẹ̀, bàtà rẹ̀ ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Tíṣà kan ń ka gbogbo òkè tó ti gùn bí ẹni ń ki oríkì ara rẹ̀. Ẹnu lásán! Akólẹ́tà kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó sí igun, ó fajú ro. Ó wò mí tòkè tilẹ̀.

"Ìyá, ẹ ti ṣìnà. Ìpàdé ìyá àgbà kọ́ nìyí."

"Bí mo bá jẹ́ ìyá àgbà, ìwọ tí irun imú rẹ funfun ńkọ́?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo bá fi orin lé e:

"Àgbà tó ń fẹnu sáré o,
Ẹsẹ̀ rẹ dà?
Òkè ń bọ̀ wá bi ọ́ léèrè,
Ẹsẹ̀ rẹ dà?"

Ẹni tó jẹ́ olórí wa nínú ìrìnàjò náà ní méjì méjì la ó máa rìn, ìkòkò ìdáná kan fún ẹni méjì. Ẹni tí kò bá rí ẹnìkejì, kó máa lọ sílé. Kíá ni wọ́n ti mú ara wọn. Kò sẹ́ni tó mú mi, nítorí mo dàgbà. Kò sẹ́ni tó mú akólẹ́tà, nítorí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bó ṣe ku àwa méjì fún ara wa nìyẹn.

"Irú ìyà wo rèé?" ó ní.

"Ìyà ò tíì bẹ̀rẹ̀," mo ní.

Láti dán agbára wa wò, wọ́n ní ká gbé ẹrù wa gun àtẹ̀gùn ilé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìkòkò wà nísàlẹ̀ àpò akólẹ́tà, ó ń fà á sẹ́yìn, ó ń ta gìẹ̀gìẹ̀.

"Gbé e wá, jàre. Ta ló kọ́ ọ ní ẹrù dídì? Ohun tó wúwo, ẹ̀yìn èjìká ni ibùsùn rẹ̀."

Mo tú àpò náà, mo tún un dì. Ó gòkè lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìsinmi. Akọ̀wé báńkì ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bọ́ bàtà, ó ń tọrọ omi. Akólẹ́tà wò ó, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi. Inú mi dùn ṣìnkìn bíi ti ọmọge.

Àfi bí àkọ́bí mi ṣe já wọlé.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé! Ṣé káyé lè sọ pé a lé yín jáde ni?"

Olórí wa ní òun ò ní mú ẹni tí ẹbí rẹ̀ kọ̀. Omijé lé ròrò sí mi lójú. Akólẹ́tà bá dìde.

"Ọmọ mi, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ẹsẹ̀ pín lẹ́tà. Nínú gbogbo àwọn aláriwo yìí, ìyá rẹ nìkan ló mọ ẹrù dì. Bí kò bá lọ, mi ò lọ."

"Bàbá, kí lẹ jẹ́ sí ìyá mi?"

"Ẹnìkejì ìkòkò. Fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin, màá ní ìdáhùn tó dáa jùyẹn lọ."

Ọmọ mi wò mí, ó rí ojú mi, ó mí kanlẹ̀.

"Màmá, ẹ mú suẹ́tà dání."

Olórí wa gbà, a bọ́ sọ́nà, a sì bú ara wa láti ìsàlẹ̀ títí dé téńté òkè. Níbẹ̀ ló ti di ọwọ́ mi mú.

"Olólùfẹ́... rárá, ẹlẹ́nu ṣámúṣámú mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ta ni ì bá fẹ́ ọ, bí mi ò bá fẹ́ ọ?"

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, àkọ́bí mi fúnra rẹ̀ ló ń bu oúnjẹ. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde láìjẹ àjẹtúnjẹ. Nígbà tí oòrùn rọ̀, àwọn àlejò nu ọwọ́, wọ́n fi ikùn síwájú, wọ́n rọra ń wọ́ lọ sílé, wọ́n ń kọrin.