Iná Tí A Kò Tíì Tàn

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà mí gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kó fi sílẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Ọkọ mi wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀, orí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pé.

Télọ̀ ni mí. Yàrá iwájú ilé wa ni mo ti ń ránṣọ. Ọkọ mi ń ṣe búrẹ́dì níléeṣẹ́ kan, ìyá rẹ̀, Màmá, sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí àwọn oníná yọ mítà wa àtijọ́, wọ́n fi èyí tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ọkùnrin tó wá so ó jókòó tì mí, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á.

"Ẹ wo ìlà yìí lójú fóònù, Àǹtí. Ibi tó bá ti ga ṣóńṣó, kẹ́tùlù nìyẹn. Ibi tó bá fẹ̀ bí òrùlé, áyọ́ọ̀nù ni. Àwọn kéékèèké tó ń lọ sókè sódò yìí, fíríìjì tó ń mí ni."

"Kò sí ohun tá a ṣe nínú ilé tí kò ní í hàn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àfi tẹ́ ẹ bá jókòó sínú òkùnkùn."

Mo fẹ́ràn ìlà yẹn. Bí mo bá jáde, màá yọ fóònù, màá sì mọ̀ pé Màmá ti jí, ó ti gbé omi tíì kaná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ ra òwú. Mo wo fóònù. Áyọ́ọ̀nù wà lórí iná, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀. Mo sáré pe Màmá.

"Màmá, ẹ bá mi yọ áyọ́ọ̀nù o!"

"Áyọ́ọ̀nù wo? Òun ló tutù síbí yìí. Mo fọwọ́ kàn án."

Mo ní mítà ti ń ya wèrè. Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà mi kan já wọlé pẹ̀lú aṣọ ìyàwó tó ti rún jégéjégé. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi lọ̀ ọ́. Nígbà tí mo ṣe tán, mo yẹ ìlà wò. Kò sí òrùlé kankan níbẹ̀. Kẹ́tùlù méjì ló dúró síbẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé ara wọn.

Mo sọ fún ọkọ mi. "Ohun tó ń kọ lónìí, ohun tá a máa ṣe lọ́la ni."

Ó wò mí bíi pé ara mi kò yá. "Ó dáa. Kẹ́tùlù ló sọ pé a máa lò lọ́sàn-án ọ̀la? Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án." Ó gbé kẹ́tùlù sórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ kò tó.

Lọ́jọ́ kejì, àlejò dé bá Màmá. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mò ń sá aṣọ. Nígbà tí màá fi wọlé, Màmá ti gun àga, ó ti gbé kẹ́tùlù sọ̀kalẹ̀. Omi àkọ́kọ́ ti tán. Èkejì ń hó.

"Ṣé omi tútù lẹ fẹ́ kí n fún àlejò mi ni?"

Ọkọ mi kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìlà sùn. Ọ̀sán ni. Maṣíìnì oníná tí mo fi ń ránṣọ ń dún, fáànù ń yí, rédíò Màmá ń sọ̀rọ̀. Lórí fóònù, ìlà náà rọra wálẹ̀, ó nà gbalaja. Fíríìjì pàápàá kò mí mọ́. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì.

Mo pe ọkọ mi. Ó dé tòun ti ìyẹ̀fun lára. Ó wo fóònù. Ó wo ìyá rẹ̀.

"A ò ní í sí nílé yìí lọ́la," ó ní.

Kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pé, a ti di ẹrù. Ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ pa súìṣì ńlá. Ilé dákẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn, a forí lé ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní òdìkejì ìlú. Ojú ọ̀nà ni mo ti bú sẹ́rìn-ín.

"Àwa náà la paná! Torí pé a sá ni ìlà fi sùn. Kò sí nǹkan kan!"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Nígbà tí a dé, mo yọ fóònù láti fi han ẹ̀gbọ́n mi.

Ìlà náà ti dìde. Bí a ṣe ń wò ó, kẹ́tùlù yọ. Lẹ́yìn náà áyọ́ọ̀nù, òrùlé gbọọrọ. Lẹ́yìn náà, ìlà kan tó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, tí mo mọ̀ bí mo ṣe mọ ohùn ara mi. Maṣíìnì mi ni.

"Ti ọ̀la nìyẹn," ọkọ mi ní. "Ta ló máa wà níbẹ̀ lọ́la?"



Nígbà tí ọ̀sán ọjọ́ kejì pé, ọkọ mi pe Tísà, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ó gbé ohùn fóònù sókè kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan wà nílé wa?"

Tísà rẹ́rìn-ín. "Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣebí ìwọ ni mò ń wò lójú fèrèsé yìí."

"Èmi?"

"Ìwọ àti ìyàwó rẹ. Ó ń ránṣọ. Mo juwọ́ sí i, ó kàn ń wò mí ni." Ẹ̀rín rẹ̀ tán. "Ṣùgbọ́n o ò gbé fóònù sétí. Báwo lo ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀?"

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. 

"Tísà, èmi ńkọ́? Ṣé ẹ rí èmi náà níbẹ̀?"

A gbọ́ tí Tísà ṣí fèrèsé rẹ̀ sí i. 

"Rárá, Màmá. Àwọn méjì péré ni. Aṣọ funfun kan ni ìyàwó ń rán. Ó gùn délẹ̀, kò lápá, kò lọ́rùn."

Màmá dá fóònù padà. Ó ní òun fẹ́ lọ jókòó síta, kí oòrùn pa òun díẹ̀.

A ò tíì padà sílé yẹn. Màmá ń jẹun dáadáa, ó ń bá wa ṣàwàdà, kò sì síbi tó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n bó bá sùn lọ́sàn-án, ọkọ mi á rọra kúnlẹ̀ tì í, á na ẹ̀yìn ọwọ́ sí imú rẹ̀, á dúró. Èmi náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ṣì wà," ni Màmá máa ń sọ, láì la ojú.