Ẹyọ Kẹsàn-án tí Bọ́dúnrìn Mú

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, Bọ́dúnrìn yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò lára iná. Nígbà tó tún tàn án, orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde sójú rẹ̀: BODUNRIN. Kò tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Mẹ́mórì, ibi tí ẹ̀rọ ń kó ọ̀rọ̀ sí, kì í sì í rántí nǹkan kan tí iná bá ti kúrò lára rẹ̀; òun gan-an ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ Ajé ni ẹ̀rọ yìí ti ń fojú rẹ̀ rí màbo. Ọdún 1988 la wí yìí, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ mọ iye ẹni tó ní kọ̀ǹpútà nígbà náà. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ to ti ilé-ìwé wọn. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lójú àwọn òbí ní Jímọ̀, wọ́n á gba yàrá ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyọ mẹ́mórì mẹ́sàn-án ló gbọ́dọ̀ jókòó lórí ìlà kan, kí gbogbo wọn sì yára bákan náà. Mẹ́jọ dáa. Ìkẹsàn-án tó rà l'Ékòó ń falẹ̀, ẹ̀rọ sì ń ké ṣáá. Ó yọ ọ́, ó nù ún, ó tún tì í bọ ihò rẹ̀, títí èékánná rẹ̀ fi ya. Inú bí i débi pé omijé fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló rántí Síkírù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń tún rédíò ṣe, tó kú lóṣù tó kọjá. Síkírù ní irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ kan nínú agolo mílíìkì.

Nígbà tó lọ béèrè rẹ̀ nílé wọn, Ràmọ́tà, ìyàwó olóògbé, kò gbójú sókè. "Ẹ jẹ́ ká ṣàdúà ogójì ọjọ́ rẹ̀ ná, bùọ̀dá. A ò tíì pín nǹkan kan."

"Jímọ̀ ò ní dúró dè mí, ìyàwó wa." Bó ṣe mú un nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́rú, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ geere, ó sì ń kọ orúkọ rẹ̀ sójú, ó ń pè é. Ta ni í dáhùn ìpè ẹni tí kò rí? Bọ́dúnrìn panu mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rù bà á, ó dá ẹyọ náà padà fún Ràmọ́tà. Ihò kẹsàn-án ṣófo. Síbẹ̀, ẹ̀rọ ka mẹ́sàn-án pé, òórùn róòbù tí Síkírù máa ń fi pa orúnkún sì ń jáde lára rẹ̀.

Ní Jímọ̀, àwọn òbí kún yàrá. Bọ́dúnrìn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó ń to wáyà.

"Bọ́dúnrìn!"

"Sà!" Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀gbẹ́ni Walter Ògúnbánwò, ọ̀gá ilé-ìwé, ń tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Mi ò pè yín o, tíṣà. Ohun tí ẹ̀rọ yín kọ ni mo kà." Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Yàrá náà di tirẹ̀.

Orúkọ náà pa rẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn jáde. Ọ̀gá tún tẹ̀ síwájú, ó rẹ́rìn-ín, ó kà á sókè fún wọn: "O ti dá mi lóhùn. Máa bọ̀."

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ẹsẹ̀ Bọ́dúnrìn ti ń gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, òun kọ́ ló rán an.