Àga Ẹ̀bá Ilẹ̀kùn

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àfi bí ẹni pé àwọn tó ń ṣòfin lóde òní gbọ́ òwe yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ dòfin: ẹni tó bá máa bá ọmọdé ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ tẹ̀ka lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí wọ́n wádìí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bí èsì kò bá tíì dé, ẹlòmíì tí wọ́n ti yẹ̀ wò ni yóò máa jókòó tì í, ilẹ̀kùn á sì wà ní ṣíṣí.

Òfin yìí ló sọ Àǹtí Kékeré di ẹni tó ń jókòó ti káfíńtà.

Ilé ìtọ́jú ọmọ tí ìyá rẹ̀ dá sílẹ̀ ló ti ń ṣe olùkọ́. Àǹtí Àgbà ni wọ́n ń pe ìyá, Àǹtí Kékeré ni wọ́n ń pe ọmọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin gíga kan gbé àpò ayùn wọlé, ìyẹ̀fun igi kún irun rẹ̀. Ìyá ti gbà á síṣẹ́ pé kó máa tún àwọn àga kéékèèké ṣe, kó sì máa kọ́ àwọn ọmọ tó ti gbọ́n díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kan nǹkan.

"Ẹ káàsán, Bọ̀dá. Kí èsì yín tó dé, èmi ni màá máa jókòó tì yín."

"Àǹtí, ṣé ojú mi jọ ti gbọ́mọgbọ́mọ ni?"

"Ojú ẹnì kan kì í jọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí òfin ò fi wo ojú."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wádìí òòlù mi náà o. Kò sí bó ṣe na àtàǹpàkò mi tó."

Ó gbé àga kan sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn fún un, ó fi ọwọ́ nu eruku rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin náà máa ń ki igi fún àwọn ọmọ bí ẹni ń ki ọba:

"Igi, ọ̀rẹ́ ènìyàn!
A-dúró-sóòrùn-má-ráhùn!
Ó kú tán, ó di àga,
Ọmọ ọlọ́lá jókòó, ọmọ tálákà jókòó!"

Àwọn ọmọ á pariwo, "Jókòó!" Wọ́n sọ ọ́ ní Bọ̀dá Onípákó. Àǹtí Kékeré máa ń ṣí ìwé sórí itan bí ẹni ń kàwé, ṣùgbọ́n ojú ewé kan náà ló ń kà lójoojúmọ́.

"Àǹtí mi, ìwé yẹn mà le o."

"Kò le tó pákó yín."

Nígbà tó yá, "ẹ" di "ìwọ" láàárín wọn. "Bí wọ́n bá tú inú mi wò," ni káfíńtà wí lọ́jọ́ kan tí àwọn ọmọ ti lọ, "ìwọ nìkan ni wọ́n á bá níbẹ̀, olólùfẹ́ mi."

Ṣùgbọ́n èsì kò dé. Ẹ̀rọ ọlọ́pàá kò rí ìka rẹ̀ kà. Ìwé oníyanrìn tó fi ń dán igi láti kékeré ti dán ìka tirẹ̀ náà. Ó padà lọ, ẹ̀rọ tún kọ̀.

"Ọwọ́ wo ni kò ní ìlà?" ni ìyá wí.

"Màámi, iṣẹ́ ló bó o."

"Mo gbọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ wa. Bí nǹkan bá ṣe ọ̀kan nínú wọn, ojú wo ni mo máa fi wo abiyamọ? Bí oṣù yìí bá parí láìsí èsì, kó máa gbé ayùn rẹ̀ lọ. Ẹni tí mi ò sì lè gbé ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́, mi ò ní gbé ọmọ tèmi lé e lọ́wọ́."

Láti ìgbà náà, ara Àǹtí Kékeré kò balẹ̀ mọ́. Ó jókòó, ó dìde. Ó gbá ilẹ̀ tó ti gbá. Ó bu omi, ó gbàgbé láti mu ún. Bí fóònù bá dún, àyà rẹ̀ á já. Bí kò bá dún, á tún já. Ó ń gbàdúrà, kò lè ṣe é dé àmín. Ọlọ́run má fi ìdúródè dán wa wò.

Lọ́sàn-án kan tí òòlù ń dún kíkankíkan, fóònù Àǹtí Kékeré dún. Ọlọ́pàá ni. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ló bá sáré jáde, ó gba àgbàlá kọjá, ó di ẹnu géètì. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé, "Ta ni màá gbà gbọ́, bí kì í bá ṣe òun?"

Ọlọ́pàá ní àwọn ti fi ọ̀rọ̀ ìka sílẹ̀. Orúkọ káfíńtà làwọn ń gbà wádìí báyìí, níbi gbogbo tó ti gbé, tó ti ṣiṣẹ́. Àǹtí Kékeré ń kọrin bọ̀. Ó dé yàrá: kò séèyàn. Òòlù nìkan ló wà lórí tábìlì.

Ó sáré lọ sí ọ́fíìsì ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀ yí ìyá ká bí òròmọdìẹ. Káfíńtà dá dúró lóde, ó fara ti ògiri.

"O ti dé?" ni ìyá wí. "Mo rò pé fóònù ti gbé ọ délé ọkọ ni. Ìwọ tó lẹ òfin mọ́ ògiri lo rú u. Ẹni tí à ń ṣọ́ ló pa á mọ́. Ó tò wọ́n bí ológun, ó ń kọrin igi, ó kó wọn wá bá mi."

Àǹtí Kékeré yíjú sí ọkùnrin náà. "Mo gbà ẹ́ gbọ́ ni."

"Mo mọ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Àwọn tó ń ṣe ọmọdé níkà, ṣé kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́ ni? Àga yẹn kì í ṣe tèmi, kì í ṣe tìẹ. Tàwọn ọmọ ni. Ìwọ wá tìtorí ìfẹ́ wa dìde kúrò níbẹ̀."

Omijé bọ́ lójú Àǹtí Kékeré. "Mo ti ń wá ìlà lọ́wọ́ rẹ látọjọ́ yìí," ni ìyá wí fún káfíńtà. "Ìwà ni mo rí lónìí. Ṣùgbọ́n òfin kò yí padà. A ó dúró de èsì."

Láti ọjọ́ náà, "ẹ káàsán" nìkan ni káfíńtà ń sọ fún Àǹtí Kékeré.

Èsì dé kí oṣù tó parí. Ìyá fúnra rẹ̀ ló mú un wá. "Ó mọ́ bí omi òjò. Bó bá ṣì fẹ́ ọ, kó wí fún àwọn ẹbí rẹ̀. Mò ń retí wọn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Àǹtí Kékeré wọ yàrá igi, ó gbé àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Òòlù dákẹ́.

"Ibo lò ń gbé e lọ?"

"Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò tán. Kò sí ohun tí mo tún ń ṣọ́ níbí."

"Bọ̀dá Onípákó!" ọmọ kan ké. "Ẹ kàn án mọ́lẹ̀!"

Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín. Ó gba àga lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà sáyè rẹ̀, ó fi ọwọ́ tí kò ní ìlà nu eruku orí rẹ̀.

"Jọ̀ọ́," ló wí, "jókòó tì mí."